Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà Wa

Òkè Ẹlẹ́rìn,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ogúnjọ́, oṣù kejì, ọdún 1989.

Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Alhaja, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo nígbàgbọ́ pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dun Alhaja ti fúyẹ́, àti pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò tíì fi ariwo fọ́ ọ lórí. Ní tiwa níhìn-ín, a kò ṣàìsàn, a kò sì sùn lébi. Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀, ó sì ti sanra débi pé apá ń ro mí bí mo bá gbé e pẹ́. Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá.

Oyèdèjì ọkọ mi fi ìwé rẹ jíṣẹ́ bó ṣe yẹ. O ní kí n ta kọ̀ǹpútà wa fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. O ní àwa méjèèjì ti dàgbà ju eré ọmọdé lọ, pé ìwọ ti gba kámú, kí èmi náà gba kámú. Ràmọ́tà, inú bí mi. Mo ká ìwé náà, mo tún un tẹ́, mo tún bínú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fèsì kíákíá, torí bí mo bá fèsì lọ́jọ́ yẹn, màá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní rí kó padà. Ṣùgbọ́n ìbínú ti lọ. Jókòó dáadáa, gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sì gbọ́ mi: lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí, kọ̀ǹpútà wa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn oṣù kejì, kò dákú, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Omi ló ń mú un tutù. Omi ni mo wí o. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé yàrá iwájú nílé àwọn ọkọ mi ni mo gbé e sí nígbà tí mo kó o kúrò ní Ọ̀yọ́. Bàbá Josiah, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, ni wọ́n yọ̀ǹda yàrá náà fún mi. Ohun tí mi ò kọ sí ọ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní èmi ni kí n bá àwọn tẹ ètò ìsìn náà. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n gan-an, tó ku ojú ewé ìkẹyìn, Bàbá kó àwọn alàgbà ìjọ wọlé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ohun tí ìyàwó ilé àwọn ń ṣe. Níṣojú gbogbo wọn ni ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú dùdù. Àpótí rẹ̀ gbóná bí ààrò. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ti lọ. Bàbá kàn tún aṣọ wọn wọ̀ dáadáa, wọ́n sì sin àwọn àlejò wọn jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ètò ìsìn náà nígbẹ̀yìn. Ojú tì mí débi pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde nílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn kò bínú, ṣùgbọ́n James, àbíkẹ́yìn àwọn, ń wá ibi tí yóò ti máa ta sìmẹ́ńtì, kò sì bójú mu kí yàrá tó kọjú sí títì di ilé ohun tó ń kú lójú ọ̀sán. Wọ́n fún mi di ìpàdé ẹbí oṣù kejì. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lójú ẹbí, yàrá ti di tèmi. Bí kò bá ṣe é, James á kó sìmẹ́ńtì rẹ̀ wọlé, èmi á sì lọ gba iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ti bá mi wá sílẹ̀ ní Ìresà. O mọ̀ mí dáadáa. Mi ò kórìíra iṣẹ́ olùkọ́, mi ò sì ní nǹkan sí Ìresà, àwọn èèyàn dáadáa ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹlòmíràn ti dà nù lèmi àti ìwọ ṣà jọ nígbà tá a wà ní Pólì, a fi oorun wa kọ́ ọ, a fi oúnjẹ wa kọ́ ọ. Mi ò ní lè tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n máa fi ìgbálẹ̀ gbá eruku yí i ká.

O máa ní ṣebí fáànù wà. Jọ̀ọ́, má dárúkọ fáànù fún mi. Ṣé o ti gbàgbé ọyẹ́ ọdún yẹn ní Ọ̀yọ́, tí fáànù fa gbogbo eruku àdúgbò yín sínú rẹ̀, tí ibi tá a ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ń lọ̀ wọ́n bí ọlọ ata? Àwa náà la ní ká dí gbogbo ihò ara àpótí pa. Eruku kò wọlé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru náà kò rọ́nà jáde. Àwọn táńsísítọ̀ ńlá tó ń pín iná fún un, àwọn tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ dè mọ́ irin, àwọn gan-an ni ọ̀daràn. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, èèyàn lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dín àkàrà.

Oyèdèjì ló la ọ̀nà rẹ̀ láìmọ̀. O mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ló ń wà. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ráhùn pé omi rédíétọ̀ hó lójú ọ̀nà, pé àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bú òun, títí òun fi rí omi bù sí i. Mo ń fún ọmọ lọ́yàn, mo ń gbọ́ ọ, èrò kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Iná ń jó nínú ikùn mọ́tò, omi ló sì ń kó ooru rẹ̀ síta. Kí ló wá dé tí kọ̀ǹpútà kò fi lè rí omi mu? Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde ni ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tí òun mọ̀ tó da omi pọ̀ mọ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ìsìnkú rẹ̀ lòun bá wọn lọ. Mo ní mi ò ní da omi sí iná lára, inú páìpù ni omi yóò máa rìn, páìpù yóò sì lẹ̀ mọ́ irin tó wà lẹ́yìn táńsísítọ̀, kò ní kan nǹkan mìíràn. Nígbà tó rí i pé mi ò bá a rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n yà á sílẹ̀ kóun rí i.

Nígbà tí yóò fi padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti rí rédíétọ̀ kékeré kan mú bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń mú kí inú mọ́tò móoru nílẹ̀ òtútù. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà nínú ọgbà mẹkáníìkì. Ó tún rí pọ́ǹpù epo tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣiṣẹ́. Èmi tú páìpù bàbà lẹ́yìn fìríìjì kan tó ti kú tipẹ́, mo ká a kọ́rọkọ̀rọ sórí bàbà pẹlẹbẹ kan, mo sì fi òjé jó wọn pọ̀ kí n lè dè wọ́n mọ́ irin ẹ̀yìn táńsísítọ̀. Sábó ni mo ti rí rọ́bà funfun tí èèyàn lè máa rí omi inú rẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á fún àwọn tó ń fi í fa epo mọ́tò. Ó bi mí bóyá epo bẹntiróòlù lèmi náà ń tà. Mo ní rárá o, òǹgbẹ ló ń gbẹ kọ̀ǹpútà mi. Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó sì gé èènì lé e fún mi. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

Wàyí o, gbọ́ bí mo ṣe to gbogbo rẹ̀. Mo kan rédíétọ̀ mọ́ ara ògiri níta, lábẹ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Torí pé ẹbí ń bọ̀ wá wò ó, mo fẹ́ kó dùn ún wò, mo wá dojú ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọ ilẹ̀ kí rọ́bà má baà fara hàn lókè. Mo gbé ike kékeré kan sórí àpótí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo ti ń bu omi sí i. Omi bátìrì ni mo rà, torí omi kànga ilé wa máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù. Nígbà tí Màámi, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti bímọ, gbọ́ pé omi fẹ́ wọnú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ sùtánà wọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n sì gbàdúrà gígùn sí kẹ́ẹ̀gì omi náà. Mi ò dá wọn dúró. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n nítorí mi.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. O mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ lágbo: wọn á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn á fi ọwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, bó ṣe ń ké ni yóò máa gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Mo da omi yàà sínú ike, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ kó má baà tú padà, mo ní kí Oyèdèjì tan pọ́ǹpù. Ó gbé díẹ̀ mì, ó sì pọ ìyókù sí mi lójú. Mo tún dà á. Nígbà tí ike kún dẹ́nu, mo rò pé ó parí. Pọ́ǹpù ń ké kùùù bí ẹni tí ọ̀fun gbẹ. Nínú rọ́bà, mo ń rí omi díẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀, omi díẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn dúró sójú kan, wọ́n ń mì, wọn ò lọ síbì kankan. Mo tan kọ̀ǹpútà wò. Kò pẹ́ rárá tí bàbà náà fi jó mi níka, mo sì yára pa á.

Mo tú u, mo tún un rọ. Mo tún un tú. Ìpàdé ẹbí ń sún mọ́lé. Mo bá Oyèdèjì jà lórí pọ́ǹpù rẹ̀, mo ní àlòkù burúkú ló rà fún mi. Ó ní omi ni pọ́ǹpù ń gbé, kì í gbé afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ lèmi sì fún un jẹ. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú bí mi sí i. Tìbínú-tìbínú ló fi lọ sí gáréèjì ní ọjọ́ kejì. James náà wá fi okùn wọn yàrá. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ó bọ́ fìlà kó tó wọlé, ó ní kí n má bínú, bàbá òun ló rán òun. Nígbà tó jáde, mo jókòó sórí àga mo sunkún. Ìwé rẹ wà nínú àpò aṣọ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ń rò ó pé bóyá ìwọ lo gbọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Màámi ń wẹ ọmọ nínú àgbàlá. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí i, wọ́n fi kànìnkànìn gbo ó, wọ́n na apá rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ ọ́ lágbo. Àgbo wọlé, ṣùgbọ́n Ìmọ́lẹ̀olúwa kò dákẹ́. Ó ń ké, inú rẹ̀ le gbandi. Èmi ní kí wọ́n fún un sí i, bóyá kò tíì yó. Màámi ní kì í ṣe ebi, afẹ́fẹ́ ló gbé mì pẹ̀lú àgbo, kò sì sí àyè fún nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ títí ìyẹn á fi jáde. Mo nawọ́ kí n tẹ́ ẹ sùn, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n gbé e nàró sí èjìká wọn, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún díẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sósì díẹ̀. Ọmọ náà gùnfẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹ iyán yó, ó sì dákẹ́.

Mo wo ọmọ lórí èjìká wọn. Mo wo rédíétọ̀ lára ògiri. Ẹnu ọmọ wà lókè. Ẹnu rédíétọ̀ wà nísàlẹ̀. Níbo ni kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbà jáde? Ó ti rọra jókòó sókè pátápátá, ó ń gbatẹ́gùn, èmi sì ń fi ipá rọ omi lé e lórí. Ràmọ́tà, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń gòkè nínú omi. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ẹwà ni mo ń wá, kí ẹbí lè yìn mí. Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé Màámi bi mí bóyá ara mi le.

Nígbà tí Oyèdèjì dé, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbàgbé, a sì jọ tú rédíétọ̀ náà kúrò lára ògiri. Mo kan pákó kékeré kan mọ́ òkè fèrèsé, mo gbé ike lé e, kó lè ga ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi tí yóò máa lọ. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Mo fi àrọ da omi díẹ̀díẹ̀, mo dúró kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, mo tún da díẹ̀. Mi ò tan kọ̀ǹpútà rárá, pọ́ǹpù nìkan, ìyẹn náà a óò tàn án, a óò pa á kó sinmi. Màámi gba rédíétọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi aṣọ wé e kí etí rẹ̀ má baà gé wọn, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sókè, wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Gùnfẹ̀, ọmọ mi, gùnfẹ̀.” Àwa ń rẹ́rìn-ín, àwọn kò rẹ́rìn-ín.

Ó sì gùnfẹ̀. A gbọ́ ọ nínú ike lókè, kùlù, kùlù, afẹ́fẹ́ ń jáde. Bó ṣe ń jáde ni omi ike ń lọ sílẹ̀, tí mo ń bu sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, kùlù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sósì, kùlù. Afẹ́fẹ́ olórí kunkun kan kù sábẹ́ bàbà nínú àpótí, tí kò fẹ́ gbọ́ àlàyé, àfi ìgbà tí èmi àti Oyèdèjì gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà lódindi, tá a gbé igun kan rẹ̀ sókè. Mo rí i bó ṣe rìn gba inú rọ́bà funfun kọjá, gbọọrọ bí ìka ọwọ́, ó gòkè, ó bọ́ sínú ike, ó sì pòórá. Ohùn pọ́ǹpù sọ̀ kalẹ̀. Igbe rẹ̀ di ìkùnsínú, ìkùnsínú náà sì di ohun tí a kò gbọ́ mọ́ àfi bá a bá fọwọ́ kàn án. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, èèyàn kò tilẹ̀ lè mọ̀ pé ó ń rìn torí pé kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò fi mọ̀ ọ́n. A tún kan rédíétọ̀ mọ́ ògiri níta, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ gbogbo oríkèé rẹ̀, mo fi pọ́ǹpù sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ìwé ìròyìn náà kò tutù. Ìgbà yẹn ni mo tó tan kọ̀ǹpútà, mo gbé ìka lé bàbà náà, mo sì fi í síbẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ẹbí. Àgbàlá kún. Bàbá Josiah gbé àga wọn wọnú yàrá, wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́. Ìbéèrè ìdánwò tí ọ̀gá iléèwé kan kó wá láti Ìresà ni mo fẹ́ tẹ̀, James ló sì gbà láti máa kà á sí mi létí. Mo bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Páànù òrùlé ń ró kọ́, kọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń fi etí aṣọ fẹ́ ara wọn, àwọn àgbà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ tiwọn. Gbogbo wa là ń làágùn, àfi kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di déédéé àkókò tó kú níjọ́sí, James gbàgbé láti kàwé, mo ní kó máa kà á lọ. Pọ́ǹpù bá ṣàdédé kùn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé omi ike ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Kí n tó dìde, Màámi ti dé ìdí rédíétọ̀ níta, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń sọ fún àwọn àgbà ẹbí pé kí wọ́n má fòyà, ó fẹ́ gùnfẹ̀ ni. Kùlù. Oyèdèjì bu omi sí i. Pọ́ǹpù dákẹ́. Mi ò dúró nínú títẹ̀ mi.

Bàbá dìde. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé e síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n jáde lọ síta, wọ́n fọwọ́ kan rédíétọ̀, wọ́n sì yára fà á padà. Wọ́n gba ojú fèrèsé yọjú sí wa, wọ́n ní, “Ooru náà nìyí níta níbí.” Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti jókòó mọ́, wọ́n ń mú àwọn àgbà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ wọn kan inú ilé, wọ́n á fọwọ́ wọn kan ìta, bí ẹni pé àwọn gan-an ló ṣe é. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ ojú ewé ìkẹyìn jáde kẹẹrẹkẹ, James sì gbé e fún bàbá rẹ̀ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu lórí yàrá, òun á kan àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún sìmẹ́ńtì òun. Bàbá ní àwọn kò tilẹ̀ rántí sìmẹ́ńtì mọ́. Wọ́n ní níwájú gbogbo ẹbí pé yàrá náà ti di tèmi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi dù ú. Mo kúnlẹ̀, ẹkún ayọ̀ kò jẹ́ kí n dúpẹ́ bó ṣe yẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bàbá bi mí pé ṣé èmi nìkan ni mo kọ́ nǹkan yìí. Mo ní rárá, àwa méjì ni. Mo ní èkejì mi wà ní Ọ̀yọ́, Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ de gbogbo táńsísítọ̀ tó wà nínú àpótí náà, ooru ti fojú wọn rí màbo láti ọdún mélòó kan wá, kò sì sí ọ̀kan tó tú. Bàbá ní kí lo ń ṣe ní Ọ̀yọ́ nígbà náà. Mi ò lè sọ fún wọn pé o ti gba kámú. Wọ́n wo yàrá náà yí ká, wọ́n ní ó ní fèrèsé méjì, kí n kọ̀wé sí ọ pé ọ̀kan nínú wọn tìrẹ ni. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ òní, mo bá Màámi nínú yàrá náà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Wọ́n ti gbá igun kan mọ́ tónítóní, igun tó kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun sí i, wọ́n sì gbé kẹ́tù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi á ti máa kírun.

Ràmọ́tà, mi ò ní bẹ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ olùkọ́ bá tẹ́ ọ lọ́rùn ní tòótọ́, dúró síbẹ̀, mi ò ní bínú sí ọ láyé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ ọ́ ni, bó bá jẹ́ pé o kàn rò pé ohun tí a bẹ̀rẹ̀ ti kú, kò kú. Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́sàn-án òní. Ó tutù, ó sì wà láàyè.

Kí Ọlọ́run Ọba tí ìwọ ń kírun sí, tí àwa ń pariwo pè, bá wa mójú tó Alhaja. Kó fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn wá wo ibi iṣẹ́ ọmọ wọn. Kó má jẹ́ kí ọgbọ́n orí rẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣòfò, kó sì jẹ́ ká pàdé láyọ̀, láìní jẹ́ kí ọ̀kan sunkún èkejì. Bá mi kí gbogbo ilé. Ìmọ́lẹ̀olúwa kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, àti ìdajì rẹ nínú iṣẹ́ yìí,
Fọláhànmí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn: Ọjọ́ Jímọ̀ ni Oyèdèjì ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Yóò dúró ní gáréèjì Òwódé títí wọn yóò fi kírun Jímọ̀ tán. Mo ti sọ fún un pé kó má gbé èrò kankan sí ìjókòó iwájú. Ó ní bí o kò bá wá ńkọ́. Mo ní kó gbé ìjókòó náà bọ̀ lófìfo, kí n lè mọ̀.